Bàbá Aláwọ̀n àti Gìtá Olókùn Méje

Tí èèyàn bá fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí bàbá mi àgbà, wọn kì í bínú, wọn kì í pariwo. Wọ́n kàn máa jẹ́ kí ọwọ́ ẹni náà wà lókè ni. Wọ́n á máa wo ojú onítọ̀hún bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, títí ara á fi máa ta á, tí á gbé ife omi tàbí ìgò epo náà sí ọ̀tún. Ìgbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á, wọ́n á ní, "O ṣeun, ọmọ mi, ìgbà wo lo dé?" bíi pé ẹsẹ̀kẹsẹ̀ yẹn ló wọlé. Mo rí i tí wọ́n ṣe é fún pásítọ̀. Mo rí i tí wọ́n ṣe é fún nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fún wọn lóògùn, tí nọ́ọ̀sì náà rò pé etí wọn ti di. Ìyá àgbà, ìyàwó wọn, ló sọ fún un pé, "Pààrọ̀ ọwọ́, wọ́n á gbọ́ ẹ."

A ti sin wọ́n báyìí. Àwọn tó ka ìtàn ìgbésí ayé wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ ọdún tí wọ́n bí wọn, àwọn ọmọ tí wọ́n bí àti oyè tí ìjọ fi dá wọn lọ́lá, gbogbo rẹ̀ sì pé. Mi ò ní tún un kà. Èmi ni ọmọ-ọmọ wọn tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí ló sì wà láàárín èmi àti Bàbá láti kékeré mi títí dé ọdún tó kọjá. Níbẹ̀ ni mo ti mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ nìyẹn.

Bàbá Aláwọ̀n ni gbogbo Ẹlẹ́kọ ń pè wọ́n. Wọ́n ṣiṣẹ́ ẹja lórí òkun títí orúnkún fi kọ̀ jálẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé, wọ́n ń bá àwọn tí agbára ṣì wà lára wọn tún àwọ̀n ṣe. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, nígbà mìíràn láti ara ọparun, nígbà mìíràn láti ara egungun màlúù. Ìjẹ̀bú etíkun ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe irú Yorùbá tí mò ń kọ sílẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọkàn gbọ́ ohùn wọn: ó nípọn, kò kánjú, ó sì máa ń dà bíi pé wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọn ò fẹ́.

Àwọn tó máa ń bí wọn nínú jù ni àwọn àlejò ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè. Wọ́n á wá láti Lẹ́kì àti Oníru, pẹ̀lú jígí dúdú lójú àti fóònù lọ́wọ́, wọ́n á lọ fara ti ọkọ̀ ojú omi Bàbá tó dojú dé sórí iyanrìn, wọ́n á máa ya fọ́tò. Àwọn aládùúgbò a máa gba nǹkan lọ́wọ́ irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀. Bàbá ò béèrè kọ́bọ̀. Wọ́n á kàn dìde, wọ́n á lọ dúró sáàárín fóònù àti ọkọ̀, wọ́n á dákẹ́. Tí àwọn àlejò bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní, "Ẹ ò tíì kí i." Mo ti rí ọmọbìnrin kan tó wọ ṣòkòtò pénpé, tó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, tó sọ pé ẹ káàsán sà fún ọkọ̀ igi. Bàbá yà fún un, wọ́n ní, "Ó ti dá ẹ lóhùn. Ya fọ́tò ẹ."

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ wọ́n kò lè gbàgbé ni "Mo ṣì ń wò ó." Wọn kì í sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kì í sọ pé rárá. Láti ìgbà tí ọ̀nà ti dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì tí ilẹ̀ sì ti wọ́n bí ojú, àwọn tó ń wá ra ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa kò gba ìdáhùn mìíràn lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn darúgbó sẹ́nu ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ìdílé bàbá mi wá tọrọ màmá mi, "Mo ṣì ń wò ó" ni Bàbá sọ fún wọn. Màmá mi ní èmi gan-an ti ń rákòrò kiri ilé kí Bàbá tó wò ó tán.

Ajah ni èmi àti màmá mi ń gbé, ṣùgbọ́n tí iléèwé bá ti gba ìsinmi báyìí, Ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń gbé mi lọ. Ibẹ̀ ni Bàbá ti ṣàkíyèsí pé òsì ni mo ń kọ́kọ́ nà sí oúnjẹ. Wọn ò nà mí. Tí oúnjẹ bá dé, wọ́n á gbé mi jókòó sáàárín orúnkún wọn, wọ́n á fi fọ́nrán àwọ̀n kan tó rọ̀ so ọwọ́ òsì mi mọ́ ọwọ́ òsì tiwọn, a ó sì jọ máa fi ọ̀tún jẹun nínú àwo kan náà. Wọ́n á yọ egungun ẹja kúrò, wọ́n á ti ẹran rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Tí òsì mi bá fẹ́ dìde, tiwọn á fà á sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́. Èmi rò pé eré ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí mo bá padà sí Ajah, mo máa ń bẹ màmá mi pé kí wọ́n wá so mí. Bàbá á fẹnu sún mọ́ etí mi, wọ́n á fi oríkì mi pè mí, wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, òsì ti sùn. Jẹ́ kó sùn."

Lóòótọ́ ló sùn níbi oúnjẹ. Ó sùn níbi ìwé kíkọ náà, torí pé olùkọ́ mi bá Bàbá parí èyí tó kù. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ ju òkúta, òsì ni. Tí mo bá fẹ́ gbálẹ̀, òsì ni. Nígbà tí ọ̀gá tó ń kọ́ wa lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ajah gbé gìtá lé mi lọ́wọ́, mo ti yí i padà kí n tó mọ̀ pé mo yí i. Ó ní kí n dì í mú bí gbogbo èèyàn ṣe ń dì í mú. Mo gbìyànjú, gbogbo ìka mi di igi. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó sú òun náà, ó tú àwọn okùn rẹ̀, ó tò wọ́n sódìkejì fún mi, ó ní, "Ta á bó ṣe wù ẹ́, ṣáà máa bá wa kọrin."

Láti ìgbà náà ni Bàbá kì í ti í wò mí mọ́ tí mo bá ti gbé gìtá. Wọ́n á wá sí Ajah fún ìkórè, wọ́n á wọ agbádá funfun wọn, wọ́n á jókòó síwájú pẹ̀lú àwọn àgbà. Tó bá kan àwa olórin, wọ́n á yí ojú sí fèrèsé. Wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí orin náà, inú wọn á dùn sí i, ṣùgbọ́n ojú wọn ò ní kúrò níbi fèrèsé yẹn. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ìsìn, pé kí ni mo ṣe. Wọ́n di orí mi mú, wọ́n ní, "Mo gbọ́ ọ. Ó dùn. Wíwò ni mi ò lè wò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹgba lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: yàtọ̀ sí màmá mi, kò sẹ́ni tí mo fẹ́ràn tó Bàbá láyé yìí, ohun kan ṣoṣo tí mo sì ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn ni kí wọ́n wò mí bí mo ṣe ń ta gìtá. Wọn ì báà má sọ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí wọn ń lọ, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, mo sì mọ̀ pé àyè tó kù kò pọ̀. Màmá mi bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Bàbá ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé àwọn ṣì ń wò ó. Màmá mi ní fèrèsé ni wọ́n ń wò.

Gìtá tí gbogbo ayé mọ̀, okùn mẹ́fà ló ní. Lẹ́yìn tí mo kàwé tán tí mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Oníru, mo yà níbi tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń ṣeré nínú ọgbà kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Ajah tó rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé gìtá oníná kan kọ́rùn, okùn méje ló wà lára rẹ̀. Okùn keje náà nípọn ju gbogbo ìyókù lọ, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ jù wọ́n lọ. Nígbà tó ta á, kò gba etí mi wọlé, inú ni mo ti gbọ́ ọ. Mo dúró síbẹ̀ títí súyà fi tutù lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé mo ti kó sí wàhálà.

Mo wá irú rẹ̀ kiri Lẹ́kì, mo wá a dé Ìkẹjà. Olókùn méje gan-an ṣọ̀wọ́n. Ti ọlọ́wọ́ òsì, wọn ò tilẹ̀ gbọ́ ọ rí. Ọmọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò orin wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Aunty, seven string sef hard to see, na left hand you come dey find join?" Nígbẹ̀yìn, mo rí ọkùnrin kan tó ń ta tirẹ̀ ní ẹ̀sítéètì kan lẹ́yìn Ajah. Ó fẹ́ jápa lọ sókè òkun, ó sì ń ta gbogbo ohun tó wà nínú ilé, títí kan ajá. Gìtá náà dúdú, ó wúwo, ọrùn rẹ̀ fẹ̀ ju ti gbogbo gìtá tí mo ti dì mú lọ. Ó bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Mo ní mo mọ̀, màá yí i. Ṣebí a ti yí ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ló lè le níbẹ̀? Gbogbo àjọ tí mo dá lọ́dún yẹn ló bá gìtá náà lọ. Bí mo ṣe ń gbé e jáde, ọkùnrin náà tún bi mí bóyá mo fẹ́ ajá.

Gìtá náà ò yí. Níbi tí ọrùn gìtá ti pàdé orí rẹ̀, ọ̀pá funfun kékeré kan wà tí kò gùn ju ìka lọ. Nọ́ọ̀tì ni àwa olórin ń pè é. Ojú méje ni wọ́n là sórí rẹ̀, kí okùn kọ̀ọ̀kan lè gba ojú tirẹ̀ kọjá. Ojú tí wọ́n là fún okùn tó nípọn fẹ̀, ti èyí tó tín-ínrín kò ju fọ́nrán irun lọ. Nígbà tí mo to àwọn okùn sódìkejì, okùn keje tí mo torí rẹ̀ ra gìtá kò gba ojú tó bọ́ sí, ńṣe ló ń fò jáde. Èyí tó tín-ínrín ń jó kiri nínú ojú tó fẹ̀ jù fún un. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ò ṣe bẹ́ẹ̀ torí pé gbogbo ojú rẹ̀ ti jẹ tán, kò sí okùn tí kò gbà. Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń tún gìtá ṣe ní Lẹ́kì. Ó gbé e pamọ́ pẹ́, ó dá a padà bó ṣe wà, ó ní òun ò gbẹ́ ti olókùn méje rí, kí n yáa tà á.

Mo gbé e kọ́ ara ògiri, mo ń wò ó lójoojúmọ́, inú mi ń bàjẹ́. Màmá mi ló sọ ọ́ lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń já ẹ̀fọ́, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè, pé kí n gbé e lọ fún Bàbá, ṣebí ẹni tó ń gbẹ́ abẹ́rẹ́ àwọ̀n lè gbẹ́ egungun kékeré. Mo ní ṣé kí Bàbá wá fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ohun tí wọn ò fẹ́ fojú rí ni. Wọ́n ní, "Gbé e lọ."

Ọ̀sán Sátidé ni mo dé Ẹlẹ́kọ. Bàbá wà lábẹ́ igi fúrúùtù. Wọ́n ṣí àpò gìtá náà fúnra wọn, wọ́n fi ìka kan ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kan igi ọkọ̀, wọ́n ka okùn rẹ̀, wọ́n tún un kà.

"Kí ni keje yìí ń ṣe?"

Mo ní ohùn ìsàlẹ̀ ni, Bàbá, òun ló ń lọ sísàlẹ̀ jù. Wọ́n mi orí, bíi pé ẹni tó ti wọ òkun rí lè gbọ́ ìyẹn yé. Mo wá fi ọ̀pá funfun náà hàn wọ́n, mo ṣàlàyé ohun tó dé bá a, mo ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ òmíràn tí ojú ńlá á wà níbi tí ojú kékeré wà. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà jáde láti inú ilé ìdáná, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló máa ta á?" Bàbá bi mí, bíi pé wọn ò mọ̀.

"Èmi ni, Bàbá."

"Ọwọ́ wo?"

"Òsì ni, Bàbá."

Wọ́n ní, "Mo ṣì ń wò ó."

Mo rántí àwọn tó ń wá ra ilẹ̀, ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Àfi bí mo ṣe fẹ́ máa lọ tí Bàbá ní kí n fi gìtá náà sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, Ìyá àgbà pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní Bàbá ti ra egungun ẹsẹ̀ màlúù, pé wọ́n sè é, wọ́n sá a sórí òrùlé, gbogbo ajá Ẹlẹ́kọ sì ti kó wá síwájú ilé. Ìyá àgbà ní àwọn ò mọ ohun tó ń ṣe ọkọ àwọn.

Nígbà tí mo padà dé ní Sátidé kejì, nọ́ọ̀tì náà ti wà nílẹ̀ lórí aṣọ mímọ́ kan. Ó dára débi tí mi ò fi fẹ́ fọwọ́ kàn án. Bàbá ti fi yanrìn kíkúnná bó o títí ó fi ń dán, ojú méjèèje sì tò lẹ́sẹẹsẹ. Èmi àti wọn jọ fi sí àyè rẹ̀, a to okùn lé e. Okùn keje tún fò jáde. Mo wò ó dáadáa, mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá ti gbẹ́ ẹ fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ojú ńlá wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ojú kékeré wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, àfi bí ẹni pé mi ò sọ nǹkan kan fún wọn.

Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ó yẹ kó yí. Mo sọ fún ọwọ́ mi pé kó yí i."

Ìyá àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ pé ọwọ́ yẹn ti gbọ́ràn jù. Bàbá ní kí wọ́n gbẹ́nu dákẹ́. Mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá àgbà rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ìyá àgbà ò dákẹ́. Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ sọ fún ọmọ náà. Ó ti dàgbà." Bàbá dìde, wọ́n wọlé, mo rò pé ọ̀rọ̀ gìtá ti parí nìyẹn.

Wọ́n jáde padà pẹ̀lú egungun mìíràn àti fáìlì irin tí wọ́n fi ń pọ́n ìwọ̀. Wọ́n jókòó. Wọ́n fi ọ̀tún di egungun náà mú, wọ́n fi òsì mú fáìlì.

Mi ò rí ọwọ́ òsì Bàbá kó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kò yára, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, ojú wọn wà lára egungun náà, Ìyá àgbà sì ń mi orí bí ẹni tó ti mọ ìtàn náà tipẹ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí Bàbá. Nígbà tí wọ́n tó ọmọ tó ń wọ ọkọ̀, bàbá wọn mú wọn lọ sókun pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń pẹja. Lórí ọkọ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ kan ni gbogbo wọn ń dúró sí láti fa àwọ̀n ńlá, èjìká kan èjìká, ọ̀tún síwájú, kí wọ́n lè jọ fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Òsì ni Bàbá ń fi síwájú, ìgbọ̀nwọ́ wọn sì ń gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọ̀n dàrú lọ́jọ́ náà, ẹja lọ. Olórí ọkọ̀ ní kí bàbá wọn má mú ọmọ náà wá mọ́. Nílé, bàbá wọn fi okùn àwọ̀n so ọwọ́ òsì wọn mọ́ ẹ̀yìn, kò sì tú u àfi tí wọ́n bá fẹ́ sùn, títí òsì náà fi gbàgbé iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbà wọ́n padà sínú ọkọ̀.

Wọ́n dá fáìlì dúró. Wọ́n ní, "Mi ò kórìíra ọwọ́ ẹ, Àbẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n gbà ọ́ sínú ọkọ̀ ni."

Bàbá ló tún bi mí léèrè. Wọ́n ní àwọn tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tá a dúró sí, ṣé mi kì í fi gìtá gún wọn? Mo ní mo máa ń gún wọn, Bàbá, torí pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni orí gìtá mi ń kọjú sí. Mo ní níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń gbá ọmọkùnrin tó ń ta gìtá ohùn ìsàlẹ̀ létí.

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Wọ́n sún díẹ̀, Bàbá."

"Wọ́n sún?"

"Wọ́n kàn sún ni."

Bàbá wo ìhà òkun. Mo rí i tí ojú wọn kún fún omi, tèmi náà sì kún. Ìyá àgbà gbé àwo ẹ̀wà wọn, wọ́n wọlé, wọ́n fi wá sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ tí fáìlì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Nọ́ọ̀tì kejì ò dára tó ti àkọ́kọ́. Kò dán tó bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ sì ga ní ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ojú ńlá wà níbi tó yẹ kó wà fún mi. Ó tún ku kókó irin kékeré tí mo ń fi bẹ́líìtì kọ́ láti gbé gìtá kọ́rùn, torí pé nígbà tí a ti yí gìtá, ìsàlẹ̀ ni kókó náà bọ́ sí. Bàbá mú ohun tí wọ́n fi ń lu igi ọkọ̀, wọ́n dojú rẹ̀ kọ ìwo kejì, ìyẹn igi ara gìtá tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀, tó ti wá bọ́ sókè báyìí. Ìyá àgbà sáré jáde, wọ́n ní kí wọ́n má ba gìtá ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Bàbá ní àwọn ti lu ọkọ̀ tó gbé èèyàn dé ojú agbami tí kò jò. Ìyá àgbà ní èyí kì í ṣe ọkọ̀. Wọ́n bá ara wọn fà á títí, ihò náà sì tóbi jù nígbẹ̀yìn, a fi igi ìṣáná àti gọ́ọ̀mù dí i kó tó lè di kókó náà mú. Ó ṣì di í mú di òní.

A na wáyà láti inú ilé wá síta, mo so gìtá mọ́ sípíkà kékeré tí mo gbé wá. Mo gbé e kọ́rùn, mo sì ṣe bí mi ò wo ibi tí Bàbá wà, torí mi ò fẹ́ rí i tí wọ́n bá tún yí ojú. Mo gbọ́ ìró àga lórí iyanrìn. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ti gbé àga wọn yí sọ́dọ̀ mi, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ojú wọn sì wà lára ọwọ́ mi.

Mo ta orin ìyìn kan tí wọ́n fẹ́ràn, mo rọra ń ta á. Nígbà tí mo dé okùn keje, àwọn adìyẹ sá kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Okùn náà kùn díẹ̀, torí pé ojú rẹ̀ kò dọ́gba tán. Bàbá gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn máa tún un ṣe. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa bá mi jiyàn. Wọ́n kàn fa àga wọn sún mọ́ mi sí i, wọ́n ní, "Ti ìsàlẹ̀ yẹn, tún un ta. Jẹ́ kí n rí ọwọ́ ẹ dáadáa."

Wọ́n wò mí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mo láyọ̀ lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e ni Bàbá lọ. Wọ́n jẹun ọ̀sán, wọ́n ní àwọn fẹ́ rẹ́jú díẹ̀, wọn ò sì jí mọ́. Ìyá àgbà kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń díbọ́n kí wọ́n má bàa dá ẹni tó wá béèrè ilẹ̀ lóhùn. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́ lójú ọ̀nà láti Oníru dé Ẹlẹ́kọ, awakọ̀ tó gbé mi sì pa rédíò rẹ̀ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ó ṣì ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Mo ta gìtá níbi ìsìnkú wọn, okùn keje kùn bó ṣe máa ń kùn, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí pé kí ló ń ṣe é.

Nígbà tí àwọn àlejò ti lọ tán, èmi àti Ìyá àgbà jókòó sẹ́yìn ilé, à ń ká aṣọ Bàbá. Wọ́n bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé Bàbá ń lọ sétí òkun láàárọ̀, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gìtá yẹn. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn tó jí ni wọ́n máa ń jáde, wọ́n á mú àwọ̀n kékeré, irú èyí tí èèyàn kan ṣoṣo ń jù láti etí omi, wọ́n á sì ní àwọn fẹ́ lọ wo ojú ọjọ́. Orúnkún wọn ò dára, ẹ̀rù sì ń ba Ìyá àgbà, ni wọ́n bá tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n rí Bàbá tí wọ́n ń fi òsì ju àwọ̀n. Kò ṣí. Ó ká jọ, ó bọ́ sómi bí aṣọ ìfọ̀. Wọ́n fà á padà, wọ́n tún un jù, ó wé mọ́ wọn lórí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní àràárọ̀, wọ́n á tutù rinrin wálé, Ìyá àgbà á sì bi wọ́n pé báwo ni ojú ọjọ́.

Ìyá àgbà dá aṣọ tí wọ́n ń ká dúró.

"Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n jù ú, ó ṣí," ni wọ́n wí. "Ó ṣí rogodo lójú omi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ wọn tí wọ́n ń fi ọ̀tún jù ú, mi ò rí i kó ṣí tó bẹ́ẹ̀ rí."

Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n rí ẹja mú.

"Ẹja kẹ̀? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín bọ̀ wálé."